Ohùn Inú Àpótí Gìtá

Ọjọ́rú kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé, bó ti wù kí n gbìyànjú tó láti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn èèyàn ń fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi bíi pé òkú ti fọwọ́ kàn mí, tí ìyá tó bí mi lọ́mọ sì dìde, tó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí gìtá, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni ara mi á wá bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Okitipupa ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni bàbá mi, ará Ìkọ̀yà, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa lẹ́bàá ilé wa. Ìyá mi ní tirẹ̀ wá láti etí òkun, ọmọ Ìlàjẹ, ẹja gbígbẹ ló ń tà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í lọ sí Igbókòdá lọ pàdé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Aládùúrà ni wá, àwa aláṣọ funfun, bàbá mi sì wà lára àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni àkọ́bí wọn. Nígbà náà mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ga tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu mi mú, mo sì ti wo àwọn tó ń ta gìtá oníná lórí fóònù títí mo fi gbà pé torí rẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Àwọn òbí mi gbà pé torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni.

Ohun tí bàbá mi máa ń sọ ni pé ọmọbìnrin tó bá gbé gìtá kọ́rùn, òde ni yóò fi ṣe ilé. Ìyá mi kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀. Á kàn ní kí n lọ ka ìwé mi. Bí mo bá tún ẹnu bọ̀ ọ́, á gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kan síwájú mi, á ní kí n máa ṣa ìdin kúrò lára wọn, torí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ro ìròkurò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ dáadáa. Mo ń jí ní ìdájí, mo ń gbá ojúde wa, mo ń gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Mo gba sùtánà bàbá mi fọ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ mí. Kí aṣọ náà lè funfun dáadáa, mo da búlúù sínú omi, mo rò pé kò tó, mo tún da sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Aládùúrà, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbẹ̀. Wòlíì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í wọ́ọ́rọ́ bóyá ẹ̀mí ló fún un ní ipò tuntun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò dárúkọ gìtá nínú ilé rárá.

Gìtá tí mo ń lé kò jìnnà. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ló wà, òun àti àpótí tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, èyí tí àwọn olórin ń pè ní ámpù. Bọ̀dá Ebi ló ni ín. Ọmọ Íjọ̀ ni Bọ̀dá Ebi, láti apá Àrógbò, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó sì ń ta gìtá fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Àìsàn ló mú un lọ, ọdún kan ti kọjá dáadáa lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan gìtá náà mọ́. Àwọn akọrin máa ń sọ pé bí àwọn bá wọlé lọ mú aṣọ níbẹ̀, àwọn á gbọ́ tí okùn kan dún díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Èmi ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa dé ló ń mì ín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí mo fi gbà á gbọ́.

Mo mọ̀ pé bí mo bá bèèrè nílé, mi ò ní rí i gbà. Mo wá dúró di ẹ̀yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, nígbà tí bàbá mi dúró ti Wòlíì, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, mo ní mo fẹ́ fi gìtá sin Olúwa. Inú Wòlíì dùn gidi. Ó ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n, ó ní kí n gbé gìtá àti àpótí náà lọ sílé lọ máa kọ́ ọ, tó bá di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí a gbé e wá kí wọ́n gbàdúrà sí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín níwájú Wòlíì. Nígbà tí a délé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbàgbé di òní. "Ọma mi, o ti fi ọgbọ́n mú mi. Ó dáa. Máa kọ́ ọ títí di Ọjọ́rú náà. Bí àlàáfíà bá wà, èmi fúnra mi máa wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun tó ṣàjèjì bá jáde lára ẹrù òkú yìí, ó ń padà síbi tó ti wá nìyẹn, o ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ gìtá fún mi mọ́ láyé."

Ìyá mi ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí ó wọlé rárá. "Ẹrù òkú ò ní wọ ulé mi," ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Torí pé Wòlíì ti fẹnu sí i, wọ́n wá fi í sínú yàrá ẹ̀yìn tí ìyá mi ń kó ẹja sí. Fèrèsé kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó sì dojú kọ igbó. Òòrùn kì í wọbẹ̀ dáadáa kódà lọ́sàn-án. Báyìí ni gbogbo ọ̀nà orin mi ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò fi ń tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni. Òjò ti ṣú, ojú ọjọ́ dúdú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ìyá mi wà ní Igbókòdá, bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ epo. Mo ki wáyà àpótí bọ ojú iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo sì ń ta ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ẹ̀fọn kan wá jẹ mí lọ́rùn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn láti pa á. Ọkùnrin kan sì sọ̀rọ̀ nínú àpótí.

Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ jìnnà, ó rọ̀, ó há díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́, ó wúkọ́, ó tún sọ òmíràn. Èdè Íjọ̀ ni. N kò gbọ́ Íjọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà ní Okitipupa ti gbọ́ ọ lọ́jà débi pé kò lè ṣì í mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé okùn padà láìmọ̀, ọkùnrin náà sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rọra gbọ́wọ́ kúrò. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e padà. Ó dákẹ́.

Ẹ wo wàhálà. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá wà lórí okùn, òkú á dákẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pa iná sì wà lára ògiri, ọwọ́ mi kò tó o. Mo jókòó síbẹ̀, mo di gìtá mú gírígírí, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá mo na ẹsẹ̀, mo fẹ́ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa okùn iná yọ. Àga yẹ̀ lábẹ́ mi, mo ṣubú sórí apẹ̀rẹ̀, ẹja bò mí mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. N kò mọ bí mo ṣe dé ojúde. Mo kàn rí i pé mo dúró sínú òjò, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹ̀kejì ò wọ̀, orí ẹja àrọ̀ há sínú irun mi.

Ẹni tó ní làákàyè ì bá lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tó sọ. Bí mo bá la ẹnu báyìí, gìtá ti lọ nìyẹn, ó sì ti lọ títí láé. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mo wá pinnu pé èmi àti Bọ̀dá Ebi la máa jọ yanjú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé omi àdúrà tí ìyá mi ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn, mo wọ́n ọn sí àpótí náà lọ́nà tí Wòlíì ń gbà wọ́n ọn, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Mo gbàgbé pé ó wà lójú iná. Ó dún gbàà, iná bù yẹ̀rì, nǹkan kan gbá mi lápá débi ejìká, ilé wa àti ilé tó tẹ̀ lé e sì ṣókùnkùn. Àwọn aládùúgbò tó ń wo bọ́ọ̀lù jáde síta, wọ́n ń bú àwọn oníná. Mo jáde sí wọn, mo sì bá wọn bú wọn.

Nígbà tí iná padà dé, tí àpótí náà sì gbẹ, mo rò pé yóò ti kú. Kò kú. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, mo ní, "Bọ̀dá Ebi, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí Ọjọ́rú yìí kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa sọ ohun tó bá wù yín." Àpótí náà kùn fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin náà wá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín fún ni, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo sá jáde, n kò tilẹ̀ pa iná.

Láti ọjọ́ yẹn mo kọ́ ọgbọ́n kan. Mo ń ta gìtá láìgbé ọwọ́ kúrò lórí okùn rárá, bí ẹni di adìyẹ mú kó má baà fò lọ. Orin tó ń jáde ń há lọ́fun, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín. Ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí Ọjọ́rú pé, mo ti lè ta orin ìyìn kan tí bàbá mi fẹ́ràn láti òkè dé ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá mi ò sí nílé, ó ti padà sí Igbókòdá. Bàbá mi wọ yàrá ẹja wá, epo pupa ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fa àpótí onígi kan jókòó, ó ní kí n ta á kí òun gbọ́. Mo ta á. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, nígbà tí mo fi parí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá. Ó dìde, ó lọ síta, ó sì padà dé pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń fún èèyàn ní mọ́ọ̀tì láìsí ìdí. Ó nà án sí mi.

Ẹ̀yin tó mọ ilé Yorùbá, ẹ bá mi rò ó. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tòun tìkúnlẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ òsì nìkan gbà á, àrífín ńlá nìyẹn. Bí mo bá gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí okùn, Bọ̀dá Ebi á sọ̀rọ̀. Mo ń wo ìgò náà. Bàbá mi ń wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síbẹ̀, omi tútù ń kán lára ìgò, ojú rẹ̀ tó ti rọ̀ sì ń le padà díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ń ka ara mi sí ẹgbẹ́ òun ni, torí gìtá.

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba mọ́ọ̀tì. Mo ní, "Ẹ ṣé sà." Ọkùnrin inú àpótí sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn lọ́tẹ̀ yìí, tòun ti ikọ́ rẹ̀.

Bàbá mi ò sá. Ì bá sàn kó sá. Ó dúró gbagidi, ó sì fi ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí bèèrè pé, "Ebi, ṣé ìwọ ni?" Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan péré. Bàbá mi rọra fa ilẹ̀kùn, ó mú mi lọ́wọ́, ó sì gbàgbé pé èmi ṣì di mọ́ọ̀tì mú. Ó ránṣẹ́ sí Wòlíì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló wá gbé gìtá àti àpótí náà lọ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni gbé òkú.

Bí a ṣe dé Ọjọ́rú nìyẹn. Ìsìn òwúrọ̀ ni, òjò tún ti ṣú, wọ́n tan àbẹ́là yí gìtá ká lórí aṣọ funfun, tùràrí kún inú ilé, gbogbo wa sì dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Wọ́n fi mí dúró sẹ́bàá àpótí náà. Ìyá mi ti Igbókòdá dé lówùúrọ̀ yẹn gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà wá tààrà, kò sì tíì mọ ju ohun tí bàbá mi sọ sí i létí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Wòlíì ní kí n gbọ́wọ́ kúrò lára gìtá náà.

Fún ìgbà pípẹ́, kíkùn àpótí nìkan la ń gbọ́. Àwọn kan ti ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo bàbá mi. Èmi náà ti ń dúpẹ́ lábẹ́nú. Ohùn náà wá dé, ó lágbára ju tilé lọ, àbẹ́là kan sì kú láìsí afẹ́fẹ́. Mo gbọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì.

Ìyá Aríran, obìnrin àgbà tó ń ríran fún wa, bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ní òun ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó ní Ebi ni. Ó ní ara ò rọ̀ ọ́ níbi tó wà, torí pé wọ́n di ẹrù rẹ̀ mú sílé ayé. Ó ní kí wọ́n gbé gìtá àti àpótí náà lọ sódò lọ́jọ́ yìí kan náà, kí wọ́n jù wọ́n sómi, kí wọ́n wẹ èmi ọmọ náà níbẹ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun olókùn mọ́ títí n ó fi kú.

Ẹkún gbọ̀n mí. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹkún ẹ̀rù, mo ń sunkún gìtá mi. Wòlíì ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọkùnrin, méjì lára wọn bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ kó má baà kàn wọ́n. Ìgbà yẹn ni ìyá mi ní kí wọ́n dúró.

Ó ti tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà tí ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń ná ẹja. Etí òkun ló ti dàgbà, ó gbọ́ Íjọ̀ bí ẹni tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ó rìn wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ àpótí náà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Íjọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ lójijì, n kò rò pé ó mọ̀ pé òun jókòó. Àpótí náà dákẹ́. Ó wá dáhùn, ó rọ̀, kò gùn. Ìyá mi ò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ pa agogo yẹn tì," ó sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni yìí ò kú. Ọkùnrin ilé yìnyín ẹ̀yìn ọjà ni, ẹni tó ń ta yìnyín fún àwa ẹlẹ́ja. Mo rí i láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń sọ̀ nínú ọkọ̀, púpurú ló ń jẹ. Ẹ ò rí òpó gíga tí wọ́n rì sẹ́yìn ilé yìnyín ni? Ẹ̀rọ tó fi ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ ló ń já sínú àpótí yìí. Ó ní yìnyín ti tán, kí àwọn tó kó ẹja tútù má tíì wá."

Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì dá orin mìíràn sílẹ̀ kíákíá. Ìyá Aríran ní Ẹ̀mí lè gba inú yìnyín kọjá náà bó bá wù ú, a sì fi orí gbà á bẹ́ẹ̀ torí àgbà ni. Bàbá mi tó ti bá oníyìnyín sọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ní yàrá ẹja kò wo ojú ẹnikẹ́ni títí a fi jáde.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ní ohun tó ṣàjèjì ti jáde, àdéhùn ni àdéhùn, kí gìtá máa lọ. Mo ti gba kámú. Àfi bí ìyá mi, òun tí kò fẹ́ kí ẹrù òkú wọlé, ṣe sọ pé, "Ó máa kọ́ ọ. Ẹ wá olùkọ́ fún un." Olùkọ́ dé láti Ode-Irele kí oṣù tó parí, bàbá arúgbó kan tó ń gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú gìtá lẹ́yìn. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé okùn gìtá ló ń fa ohùn ẹ̀rọ náà wọlé, pé ọwọ́ mi ló ń dí i.

Gbogbo wa gbà pé torí ọ̀rọ̀ yìnyín ni ìyá mi ṣe gbà. Ó kúkú ń lo àpótí náà. Bí mo bá ń kọ́ orin lọ́wọ́, á yọjú, á ní kí n gbọ́wọ́ kúrò ná, á tẹ́tí gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó há sínú koríko, á sì gba ọjà lọ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ń ríran. Èmi tí mo jagun nítorí gìtá wá di ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó ta á parí.

Ó ti pẹ́ báyìí. Mo ń fi gìtá jẹun, mo sì tún ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún tó kọjá mo lọ kí ìyá mi, a jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹja, mo bá a ṣa, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ oníyìnyín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá bi í pé kí ló tilẹ̀ sọ sínú àpótí lọ́jọ́ náà, nígbà tó mọ̀ pé oníyìnyín ò lè gbọ́ òun.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oníyìnyín ni lóòótọ́, títí dé ibi tí òun dé iwájú àpótí náà. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí òun sọ ni pé, Ebi, bó bá jẹ́ pé o wà níbẹ̀, sọ ohun tí o fẹ́ lára ọmọ mi fún mi. Mo ní ẹni tó dáhùn ńkọ́. Ó gbé ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ohùn oníyìnyín," ó ní. "Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé okùn kẹta ti rọ̀, kó fà á le díẹ̀."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, inú odò ni gìtá náà ì bá wà, àti pé ẹni tó kú tó sì ṣì ń ro bí orin mi ṣe máa dùn, òun ò rí ìdí tí òun fi máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ó sì tún mú ẹja rẹ̀, ó ń ṣa á lọ.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí ọmọ má rò pé òun mọ ìdí tí òbí òun fi kọ nǹkan, tàbí ìdí tó fi wá gbà á níkẹyìn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi ń rò pé yìnyín ló gba gìtá fún mi. Nísinsìnyí, kí n tó ta ohunkóhun, okùn kẹta ni mo kọ́kọ́ máa ń fà le. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.